Ọmọńlé Inú Igbó àti Èémí Ìyá Aránṣọ

Ẹni tó bá ń gba àdúgbò yẹn kọjá nírọ̀lẹ́ á ti máa gbọ́ ìró máṣíìnì ìyá aránṣọ kó tó dé iwájú ilé rẹ̀. Ojú títì ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tépù ìwọnṣọ á wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀ lórí irin máṣíìnì. Ṣùgbọ́n bó bá ti tajú kán rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti sọ́míìlì, ẹsẹ̀ náà á dúró. Oníbàárà tó bá wà níwájú rẹ̀ lákòókò yẹn á kàn wá ibì kan jókòó sí ni, nítorí ó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa dá òun lóhùn.

Lagilagi ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi àáké la igi kankan rí. Ẹ̀rọ ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn ńlá tó ń là á sí pákó, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́, eruku pákó á ti bo irun rẹ̀, á funfun bíi ti arúgbó. Bó bá wẹ̀ tán, irun náà á tún dúdú. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ méjì lòun fẹ́, pé bàbá àgbà ló máa ń wọlé nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ́kùnrin ló sì máa ń wá bá òun jẹun alẹ́.

Eré kan wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Bí Lagilagi bá ti wọlé, ìyàwó rẹ̀ á dìde, á gbá a mọ́ra, á fi imú sí i láyà, á fa èémí wọlé dáadáa, á sì sọ irú igi tí ọkọ rẹ̀ là lọ́jọ́ náà. "Ọ̀gànwó ni," tàbí "Afárá ni." Kì í ṣì í. Inú eré yìí làwọn ọmọ wọn dàgbà sí, kálukú ti wá gba ilé ọkọ àti ibi iṣẹ́ tó jìnnà lọ, ó wá ku àwọn méjèèjì àti eré wọn nínú ilé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ikọ́ fée dé. Ó kọ́kọ́ ń yọjú bí ikọ́ lásán nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, àyà ìyá aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bó bá ń wá èémí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fún un ní oògùn àfàsímú méjì nínú ìgò kékeré. Èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ wà fún àràárọ̀, ara yá, ara ò yá, kí ikọ́ náà má baà rí ọ̀nà wọlé. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù wà fún ìgbà tí èémí bá há lójijì. Oògùn náà ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ṣì máa ń le.

Lagilagi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ká a lára. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́, á dùbúlẹ̀, á máa ka èémí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á ka ọ̀kan tí òun ò ní rí èkejì kà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, ìyẹn Awọnpákó.

Awọnpákó ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wọn pákó ní sọ́míìlì. Ènìyàn dáadáa ni. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nínú ìṣòro kí òun má rí nǹkan sọ sí i, àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo náà sì nìyẹn.

"Ọmọńlé ni oògùn rẹ̀," ó wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì jókòó sórí gẹdú tí wọ́n ń sinmi. "Kì í ṣe èyí tó ń rìn lára ògiri wa o. Ti inú igbó ni, èyí tó jọ èèpo igi. Alẹ́ nìkan ló ń jáde, ẹ̀yìn èèpo igi ló ń sùn lọ́sàn-án. Mú un, yan án, lọ̀ ọ́, kí ìyàwó rẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mu ún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà."

Ó ní òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹranko náà máa ń gbóòórùn ayùn lára ènìyàn láti òkèèrè, nítorí náà Lagilagi gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní sọ́míìlì, kó fi ọṣẹ fọ irun àti ara rẹ̀ nínú odò tó wà létí igbó, kó sì wọ aṣọ tí eruku pákó ò kàn rí. Èkejì, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ náà wọlé lọ́jọ́ náà, kí agbára oògùn má baà sá. Ẹ̀kẹta, wọn ò gbọdọ̀ lò ó pọ̀ mọ́ ti ilé ìwòsàn, nítorí àwọn méjèèjì á bá ara wọn jà. Lagilagi bi í pé ta ló ti lò ó rí. Awọnpákó ní ẹnì kan ló sọ ọ́ fún ẹni tó sọ ọ́ fún òun.

Ìyá aránṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ó ní kò burú, kí àwọn dán an wò fún ìgbà díẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kó ìgò àfàsímú méjèèjì sínú àpótí kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ tí Lagilagi kọ́kọ́ lọ sínú igbó, ó tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ó wẹ̀ nínú odò bíi pé ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ tó gbé wá nínú ọ̀rá láti yàrá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti bá igi gbé pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohùn èèpo tó ti ṣí kúrò lára igi. Àwọn igi ńlá tó ti kú ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì wà lóòró ni wọ́n ń dún bẹ́ẹ̀. Ó rọra ṣí èèpo ọ̀kan, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ kó tó ṣàkíyèsí pé ara igi tí òun ń wò ní ojú.

Ọmọńlé náà gùn ju ti ilé lọ dáadáa. Ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú tóótòòtó àwọ̀ ewé, bí ara igi àtijọ́ tí oòrùn kì í kàn. Ẹran ara rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, débi pé kò ní òjìji. Ojú rẹ̀ tóbi, kò ní ìpéǹpéjú, dúdú inú rẹ̀ sì tín-ín-rín bí okùn òwú tí wọ́n nà lóòró. Kò sá. Ó gbà pé ẹnikẹ́ni ò rí òun. Àánú rẹ̀ ṣe Lagilagi, ṣùgbọ́n ó rántí èémí tó ń kà láàárọ̀, ó sì mú un.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gbá a mọ́ra bó ṣe máa ń ṣe. Ó fa èémí wọlé, ó tún un fà, ó wá ní, "Ọṣẹ lẹ là lónìí." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lagilagi po ìyẹ̀fun ọmọńlé náà mọ́ omi nínú ife, ó gbé e fún un, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó máa fi padà, ife ti ṣófo.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìyá aránṣọ wúkọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì tún orin kan kọ tí kò kọ láti ọdún mẹ́ta. Inú Lagilagi dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti lọ sínú igbó, ìyàwó rẹ̀ á sùn dáadáa. Bí iṣẹ́ bá dá a dúró tí kò lè lọ, àyà rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Lagilagi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un mọ́. Ọmọńlé kan ló ń ra ìrọ̀lẹ́ kan. Ó wá ń lọ lemọ́lemọ́, èèpo igi tó ń ṣí sì ń pọ̀ sí i, títí àwọn ọmọńlé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ó di pé ó máa ń kan igi mẹ́wàá kó tó rí ẹyọ kan.

Ìdí igi kan bẹ́ẹ̀ ló ti pàdé ọmọbìnrin kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó wọ bàtà òjò, ó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan kọ́rùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ irú ẹranko tó wà nínú igbó náà, kó mọ ibi tí wọ́n ń gbé, kó kà wọ́n, kó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Lagilagi ti sọ ọ́ ní Akọ̀wé Igbó nínú ọkàn rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣí èèpo àwọn igi wọ̀nyí?"

Lagilagi ní òun ni. Irọ́ kì í rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti pa.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi nǹkan kan hàn án lára igi tí kò ní èèpo mọ́. Ẹyin funfun méjì ni, wọ́n lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ igi, èèrà ti lu wọ́n, inú wọn ti ṣófo. Ó ṣàlàyé pé ẹyin méjì péré ni abo ọmọńlé yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, pé ara igi ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ lábẹ́ èèpo, ibẹ̀ náà sì ni àwọn abo mìíràn máa ń yé tiwọn sí lọ́dọọdún. Bí èèpo bá ti kúrò lórí rẹ̀, oòrùn àti èèrà ló ni ín.

Ó ní èyí tó ń gbé ara ògiri ilé fẹ́ràn ọ̀dọ̀ ènìyàn, ibi tí iná wà ló máa ń wá kòkòrò lọ. Ti inú igbó yìí ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Igi àtijọ́ tó ti kú, tó ṣì wà lóòró, tí èèpo rẹ̀ ti tú díẹ̀, ìyẹn nìkan nilé rẹ̀. Lọ́sàn-án á sùn sí ẹ̀yìn èèpo, lálẹ́ á jáde wá jẹ aáyán, ìrẹ̀ àti àfòpiná. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni òun ti fi ń wá a kiri, mẹ́ta péré sì lòun rí.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó lẹ ti rí?"

"Mẹ́sàn-án," ni Lagilagi wí.

Ojú ọmọbìnrin náà tàn. Kíá ló ṣí ìwé rẹ̀, ó yọ bírò. "Ẹ wo orí ire. Níbo ni wọ́n wà?"

Lagilagi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà rí agolo tó fi ń kó ọmọńlé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra pa ìwé náà dé.

Ibẹ̀ ni Lagilagi ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, ti ikọ́ fée, ti ìyẹ̀fun inú ife, ti ìgò tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, n ò ní bá yín jiyàn lórí èémí ìyàwó yín," ó wí. "Ẹ̀rù tó ń bà yín, bó bá jẹ́ èmi ni, á bà mí. Ẹranko yìí nìkan ni mo mọ̀. Kò ní oró tó lè pa yín, kò sì ní oògùn tó lè wò yín sàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ọ̀sì sọ nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ dá oògùn rẹ̀ dúró?"

Lagilagi ò bi nọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Inú bí i, nítorí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi í. Ó ní ọmọdé ni ọmọbìnrin náà, pé ìṣojú òun ni ìyàwó òun ṣe ń sàn, ó sì kọrí sílé láìrí ọmọńlé kankan mú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá aránṣọ mí dáadáa. Lagilagi sọ fún ara rẹ̀ pé agbára ti àná ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ kejì, gẹdú ọ̀gànwó mẹ́jọ dé sí sọ́míìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ayùn ò sinmi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí àyè odò, kò sí àyè igbó. Lagilagi sáré bọ̀ wálé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, eruku pupa sì wà nínú etí rẹ̀, nínú irun rẹ̀ àti nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí máṣíìnì, ó gbá a mọ́ra, ó fi imú sí i láyà, ó fa èémí wọlé.

"Ọ̀gàn..." Kò lè parí rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó di tábìlì máṣíìnì mú. Ètè rẹ̀ ń ṣú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìró súfèé nìkan ló ń jáde. Lagilagi sáré gun àga, ó fa àpótí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àpótí já bọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fọ́n ká. Ó wá ìgò búlúù náà lórí ìkúnlẹ̀, ó rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Aládùúgbò kan tó ní mọ́tò ló gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, Lagilagi ń kà. Kò mọ̀ pé òun ń kà á síta.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ oògùn bí ìkùukùu sí ìyá aránṣọ nímú àti lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ètè rẹ̀ tún pọ́n. Nígbà tó tó ọ̀rọ̀ í sọ, nọ́ọ̀sì béèrè pé ṣé ó ń lo èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ láràárọ̀. Lagilagi ló dáhùn. Ó ka ẹjọ́ ara rẹ̀ láìku ẹyọ kan, ó ní ọmọńlé ló ń ṣiṣẹ́ títí di àná, pé ọjọ́ tí kò bá mu ún ni àìsàn náà máa ń dé.

Ìyá aránṣọ gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Lagilagi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò tíì lágbára. "Ẹ má bínú sí mi. N ò mu ún rí."

"O ò mu kí ni?"

"Ọmọńlé yẹn. N ò mu ẹyọ kan. Inú ìkòkò òdòdó ni mò ń dà á sí. Òdòdó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú." Ó mí díẹ̀. "Ẹ ti rìn, ẹ ti wẹ̀, ó ti rẹ̀ yín, inú yín wá ń dùn. N ò lè wò yín lójú kí n ní n ò mu."

Lagilagi jókòó sórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọńlé mẹ́sàn-án ló ń rò, pẹ̀lú ẹyin tí èèrà lù. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mu nǹkan kan, kí ló wá ń mú kó sàn?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì béèrè. "Màmá, bí ò bá ṣe oògùn yẹn, kí ló tún yàtọ̀ ní àwọn ọjọ́ tí Bàbá bá lọ sínú igbó?"

Ìyá aránṣọ ronú. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo eruku pupa tó wà nínú irun rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́. "Àwọn ọjọ́ yẹn, ọṣẹ ló máa ń rùn."

Nọ́ọ̀sì gbọ̀n díẹ̀ nínú eruku orí èjìká Lagilagi sórí ìwé funfun, ó gbé e sábẹ́ iná kí wọ́n rí i. Ó lẹ́búlẹ́bú ju ìyẹ̀fun lọ. Ó ní eruku pákó wà lára ohun tó máa ń mú kí ọ̀nà èémí ẹlòmíràn há, pé ẹni tó bá ní ikọ́ fée ò gbọdọ̀ máa fà á símú. Ó ní aṣọ iṣẹ́ tí Lagilagi sọ pé òun máa ń gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn náà ò dáa, gbogbo òru ni eruku rẹ̀ ń fẹ́ sí ẹni tó ń sùn. Odò ló ṣe ìwòsàn tí wọ́n gbé oríyìn rẹ̀ fún ọmọńlé. Dídá tí wọ́n sì dá oògùn àràárọ̀ dúró ló jẹ́ kí ti òní le tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni mo ń gbé e wálé fún un," ni Lagilagi wí. Omi ti lé sí i lójú, kò sì nù ún.

Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Èmi náà ni mo ń fi imú fà á. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fà á ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, Lagilagi kì í wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá sọ́míìlì, wọ́n gbé àgbá omi ńlá kan sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, wọ́n fi pákó tí kò wúlò ṣe ilé ìwẹ̀ sí i. Awọnpákó ló kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì í fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kankan. Wọ́n tún ń fi aṣọ bo imú àti ẹnu bí wọ́n bá ń la igi, nítorí nọ́ọ̀sì ní àwọn gan-an tó ń là á ló sún mọ́ ewu jù lọ. Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ sì padà sórí tábìlì máṣíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, níbi tí ìyá aránṣọ ò ti lè ṣàì rí i láràárọ̀.

Lagilagi padà sínú igbó pẹ̀lú. Agolo ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá Akọ̀wé Igbó nídìí igi, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí àgbà ṣe máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, ìyẹn ni pé ó béèrè irú iṣẹ́ tí òun lè bá a ṣe. Ọmọbìnrin náà ní kó fi etí rẹ̀ yá òun. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn méjèèjì kan igi tó pọ̀, wọn ò ṣí èèpo kankan, wọ́n kàn ń fi àmì sí èyí tó bá dún bí ilé. Bó bá di ọwọ́ alẹ́, wọ́n á padà wá, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ka àwọn tó bá jáde. Mọ́kànlélógún ni wọ́n kọ sínú ìwé. Lagilagi ní kí ó kọ mẹ́sàn-án tí òun pa sí ìsàlẹ̀, kó má baà dà bíi pé wọn ò gbé ayé rí.

Ní sọ́míìlì, òun náà ló wá ń sọ fún àwọn tó ń gbé gẹdú wá pé kí wọ́n yé gé òkú igi tó ṣì wà lóòró. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń rò pé àánú igbó làwọn ń ṣe báwọn bá gé òkú igi tí àwọn fi alààyè sílẹ̀. Lagilagi ní ilé ẹni ẹlẹ́ni ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ wò wọ́n. Wọ́n jókòó sórí kùkùté létí igbó, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ ṣú. Ọmọńlé kan yọ orí lẹ́yìn èèpo igi, ó fi ahọ́n lá ojú ara rẹ̀ méjèèjì, nítorí kò ní ìpéǹpéjú tó máa fi ṣẹ́ ẹ. Ìyá aránṣọ ní ó jọ oníbàárà òun kan. Lẹ́yìn náà ó fi imú sí ọkọ rẹ̀ láyà, ó fà á, ó ní òun ò gbóòórùn nǹkan kan.

Lagilagi ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Ó fi ègé igi kékeré kan sí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó ti fá kó dán, tó sì ti fọ̀ tó ti sá. "Fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ̀ ọ́n."

Ìyá aránṣọ gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á lára. "Ọ̀gànwó ni."

Afárá ni. "O gbà á," ni Lagilagi wí.

"Irọ́ lẹ ń pa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí tí ọmọńlé fi sá padà sẹ́yìn èèpo, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ló jí Lagilagi. Ó ti gbàgbé láti ka èémí.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé irú rẹ̀ lè wà nínú ilé yín. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá fún ẹni yín ní oògùn àfàsímú fún ikọ́ fée, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá tàbí nítorí pé ẹnì kan sọ pé òun gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi ẹni tó fún yín. Èyí tó wà fún ìgbà tí èémí bá há, ẹ fi í sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, ẹ má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ètè bá ń ṣú tàbí tí aláìsàn ò lè parí gbólóhùn kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó ń wọlé pẹ̀lú yín láti ibi iṣẹ́, ì báà jẹ́ eruku pákó, ìyẹ̀fun, símẹ́ǹtì tàbí ọ̀dà. Ẹ bo imú níbi iṣẹ́, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀, ẹ má gbé e kọ́ sí yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Ọmọńlé inú igbó ò ní oró, kò sì wo ikọ́ fée. Bí ẹ bá rí igi àtijọ́ tó ti kú tó ṣì wà lóòró nínú igbó, ẹ má ṣí èèpo rẹ̀, ẹ má sì gé e, ẹnì kan lè máa sùn níbẹ̀. Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa lọ sílé, ẹni yín ń retí yín. Kí ẹ tó gbá a mọ́ra, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀.